Àmì Ọrùn

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀,
àjà kẹta, ilé aláwọ̀ eérú kan
lẹ́yìn ojú irin ní Yábàá.
Iná ọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́;
jẹnẹrétọ̀ ń ráhùn nísàlẹ̀
bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun.
Èmi nìkan, tíì nínú agolo mílíìkì,
àti ojú dúdú kọ̀ǹpútà tó ń ṣẹ́jú sí mi
pé: kí lo fẹ́?

Lẹ́tà márùn-ún péré ni mo tẹ̀.

Irinṣẹ́ yìí kò ní àwòrán, kò ní àwọ̀,
kì í kí ènìyàn kú iṣẹ́.
Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n bi:
ìwọ tó ò ń sáré nínú ẹ̀rọ yìí,
ta ló rán ọ,
ibo ni wọ́n ní o lè dé?
Kì í béèrè pé, "Kí lo ń ṣe?"
Olè náà lè ní òun ń gbálẹ̀.
Àmì ọrùn ẹni ló ń wò.

Wọ́n sì ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan:
orúkọ, ipò, irú, ìpele,
ọ̀rọ̀ mẹ́rin, àmì kékeré méjì-méjì ló pààlà wọn.
Èyí tó ń pín lẹ́tà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí owó.
Èyí tó ń ka owó kò gbọdọ̀ bá ará ìta sọ̀rọ̀.
Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé
kò lè wọ yàrá,
ì báà pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá pátápátá.

Mo rántí Bàbá Múìsì, aṣọ́bodè wa.
Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń kí ara wa,
ó jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ ọmọ mi,
síbẹ̀ lálaalẹ́: "Káàdì dà?"
Mo bínú lọ́jọ́ kan. "Bàbá, èmi mà ni!"
Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́.
Ẹni tó rán ọ wọlé lálẹ́ yìí ni n ò mọ̀."

Mo ń ka ìlà lọ, tíì ti tutù,
ni mo rí ọ̀kan tí kò ní odi.
Kò ní ìdè. Kò sí yàrá tí kò lè wọ̀.
Àyà mi já. Ládiméjì ni mo kọ́kọ́ fura sí,
ẹni tí wọ́n lé lóṣù tó kọjá,
tó kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí bisikíìtì láìdágbére.
Mo ti gbé fóònù, mo ti fẹ́ jí ọ̀gá,
kí n tó ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Orúkọ mi ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò ń rọ̀, iṣẹ́ kan kọ̀ kò lọ,
oníbàárà ń pariwo lórí fóònù;
mo ní kí n tú u sílẹ̀ fúngbà díẹ̀,
kí n lè bá rélùwéè ìrọ̀lẹ́,
màá padà dè é ní Mọ́ńdè.
Oṣù mẹ́rin ló fi ń rìn kiri,
ó ń wọ yàrá owó, ó ń jáde, kò jí nǹkan kan,
kò sì sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni.

Mo dè é. Mo tún bi í.
Ó dáhùn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, pé pérépéré.
Mo wá nọ́ńbà Ládiméjì nínú fóònù.
Mo ti pa á rẹ́.

Ní aago márùn-ún, jẹnẹrétọ̀ kú fúnra rẹ̀.
Mo táràrà sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn.
Bàbá Múìsì ń ṣe àlùwàlá, kò gbójú sókè.
Mo na káàdì sí i,
bẹ́ẹ̀ ìta ni mò ń lọ.