Àga Méje Lókè Ilé Ìfọṣọ

Èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yìí láti ọdún 1971.
Ìwé mẹ́rin ti kún. Ìkarùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi,
ojú-ìwé tó ṣófo nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó kún lọ.

Tuovi Karppinen ló dá a sílẹ̀, ní Kemi,
níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá ń yọjú
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, tó sì tètè padà.
Iṣẹ́ òru ló ń ṣe nílé-iṣẹ́ bébà.
Ó lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ:
"Ẹni tó bá ń ro ti ayé mìíràn, kó wá ní Ọjọ́bọ̀.
Kó gbé àga tirẹ̀ dání."
Ẹni mẹ́fà ló wá. Àga wọn ò jọra.
Ti Veikko, àpótí ẹja ni.

Ará ìlú rẹ́rìn-ín: ẹni tí ò tíì rówó ra bàtà òtútù
ló ń wá ọ̀nà inú ìràwọ̀!
Pásítọ̀ bi ìyá Tuovi bóyá ọmọ náà ń sùn dáadáa.
Kì í sùn. Ó ń túmọ̀ ìtàn àjèjì
pẹ̀lú ìwé atúmọ̀-èdè tó ti fàya láti orí lẹ́tà kẹwàá;
ọ̀rọ̀ tí kò bá rí níbẹ̀,
á dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ooru ìfọṣọ ń gba àárín pákó gòkè wá bá wa.
Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọṣẹ,
Máàsì ni mo ń rí.

Kí n tó dé ni ènìyàn tẹ òṣùpá.
Wọ́n ní gbogbo ilé pariwo ayọ̀, àfi Tuovi tó ń sunkún.
Ó ní, "Wọ́n ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ wa."

A ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́yí. Ogójì ẹ̀dà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.
Tàdáwà elésè-àlùkò ò kúrò lábẹ́ èékánná Veikko
títí ó fi gbéyàwó.

Lẹ́yìn náà, ìjà. Ilmari ka ìtàn ìyá arúgbó kan
tí ìkòkò kọfí rẹ̀ ń rántí ọ̀la.
Armas dìde: "Ọkọ̀ dà? Ẹ̀rọ dà? Èyí kì í ṣe tiwa!"
A dìbò. Mẹ́rin sí mẹ́rin.
Ojú ọ̀run tó ẹyẹẹ́ fò láìfara kanra,
yàrá wa ni kò tó.
Armas gbé àga rẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lódìkejì odò:
òun ni ààrẹ, òun ni akápò, òun náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.
Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ó gbé àga náà padà wá,
ó gbé e kalẹ̀ síbi tó ti gbé e.
Ohun tí mo kọ kò ju èyí lọ: Armas wà níjòókòó.

Tuovi kú nígbà tí yìnyín ń yọ́.
Ọmọ rẹ̀ gbé páálí mọ́kànlá wá, ó ní òun ò mọ ibi tí òun lè kó wọn sí.
Ilé ìfọṣọ ti kógbá wọlé. Fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀:
ohun tí a fi sínú ọdún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta
ti wà lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n tún dínwó rẹ̀.

Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò.
Àwa ti ṣubú tán, iwájú náà la ṣì ń wò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ẹni méjì péré.
Armas ń ka ìtàn. Ó dé àárín, ojú-ìwé tó kù ti sọnù.
Mo ní kó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀.
Ó ní: "Ìkòkò kọfí kan wà . . ."
Mo wò ó.
N ò bi í pé ọkọ̀ dà.