Agolo Ìṣó

Bàbá mi ń lẹ táyà ní oríta Àjàṣẹ́-Ìpo,
níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà ti ya, tí ti Òmù-Àrán ya,
tí ti Ìlọrin sì nà gbọọrọ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Mọ́tò á dé, á máa tiro.
Bàbá á tú ẹsẹ̀ rẹ̀, á ti túùbù bọ inú abọ́ omi,
omi á hó. "Ibí ló wà."
Ẹ̀mú á wọlé, á fa ìṣó jáde.
Awakọ̀ á sanwó, á bá tirẹ̀ lọ,
kò ní bèèrè ìṣó.
Àwa la máa ń bèèrè.

Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì,
ibẹ̀ la ń kó wọn sí: ìṣó páànù, ìṣó pákó,
abẹ́rẹ́ aránbàtà, àfọ́kù irin tí kò lórúkọ.
Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì,
Bàbá á mi agolo náà ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́,
á ní, "Háwáù, mú ẹyọ kan.
Ta ló ni ín?"
"N kò mọ̀."
"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Ta ló ni ín?"

Mo wo ìṣó náà títí. Ó tẹ̀ lọ́rùn, ó dípẹtà.
Mo ní káfíńtà kan ní Òró ló ni ín,
ó ń kan bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀ tuntun,
ìyàwó rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé,
òòlù ṣìnà.
"Àtàǹpàkò rẹ̀ ńkọ́?"
Ó wú.
"Ó wú tó kí ni?"
Ó wú tó ẹyin awó, ó sì ń dán.
Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fi ìdí lé orí táyà tírélà.

Nígbà tó yá, Tíṣà Ọlátéjú ní ká kọ àròkọ
lórí ìrìn-àjò tí a ti rìn rí.
Ẹsẹ̀ mi ò tí ì kọjá Ìdọ́fìàn.
Mo kọ ìrìn-àjò ìṣó:
bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú eruku tó ń retí ọkọ̀,
bó ṣe ń rí ojú sánmà nígbàkigbà tí táyà bá yí,
sánmà, ilẹ̀, sánmà, ilẹ̀,
títí ó fi kàn wá lára.
Tíṣà fi tàdáwà pupa kọ "Irọ́" sí i,
ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá ò mọ̀wé púpọ̀.
Ó ní kí n kà á fóun. Ó ní kí n tún un kà.
Túùbù ń hó nínú omi, kò tilẹ̀ wò ó.
"Irọ́ máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn," ló wí.
"Kí ni èyí gbà lọ́wọ́ tíṣà?"
Ó ronú díẹ̀.
"Àfi tàdáwà rẹ̀."

Ìlọrin ni mo wà báyìí, ní Tánkẹ,
owó olówó ni mò ń kà ní báńkì.
Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi ò yá.
Òótọ́ ni. Bí náírà kan bá dé tí ó ń rùn bí irú,
tí wọ́n ká a sí mẹ́jọ, tí wọ́n fi òwú dì í,
mo máa ń dúró.
Wọn kò ní bèèrè. Mo máa ń bèèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ sí Àjàṣẹ́.
Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ó ti fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún ẹlòmíì,
ṣùgbọ́n agolo wà lábẹ́ ibùsùn.
Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ìṣó kan,
ó fi ìka tọ ọrùn rẹ̀ wò, níbi tó ti tẹ̀.
"Háà," ló wí, "káfíńtà Òró.
Àtàǹpàkò rẹ̀ ti jinná?"

Kí n tó la ẹnu,
Gàníyù, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kò mọ Òró,
tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún rí,
gbójú sókè, ó ní,
"Ó kù díẹ̀."