Ìṣó Mẹ́ta Lára Ògiri

Ìṣó mẹ́ta ni mo kàn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Báyékù.
Àkọ́kọ́ wà níbi ọrùn ẹsẹ̀:
ọdún tí mo gbé Mọnsúrátù níyàwó.
Èkejì dé orúnkún.
Ẹ̀kẹta, ẹ má bi mí. Ó ga ju ìdodo mi lọ.
Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rìndínlógún ló mu omi yó lóru ọjọ́ náà,
ti oníbàárà ni gbogbo wọn.

Ẹgbẹ́ Alákàsọ̀ ló kọ́kọ́ dé sí èbúté.
Wọ́n gbé pátákó dúdú kan wá, ó ń dán bí ẹ̀yìn àrọ̀,
wọ́n ní ẹ gbé e lé orí òrùlé,
ẹ kí jẹnẹrétọ̀ pé ó dìgbóṣe.
Wọ́n tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi ẹ̀gbà mọ́ létí ọ̀sà,
ẹni tó bá gé e, ẹ̀wọ̀n.
Èmi tí mo ń fi jẹnẹrétọ̀ jẹun, mo rọra pàtẹ́wọ́.
Mo bèèrè iye owó. Ọ̀gbẹ́ni kan fi bírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé:
díẹ̀díẹ̀ la ó máa san án,
ọdún méje.
Àǹtí Ráfátù, tó ń yan ẹja lẹ́yìn wa, kò gbóhùn sókè:
"Igi yẹn ni mo fi ń yan ẹja.
Oòrùn tiyín, ṣé ó ní èéfín?"

Lọ́jọ́ kẹrin, Alágogo kó ọkọ̀ mẹ́sàn-án wá.
Wọ́n ní: ta ló ba ojú ọjọ́ jẹ́? Ṣé àwa ni?
Ilé iṣẹ́ òkè òkun ti ń rú èéfín
kí bàbá bàbá wa tó mọ ìṣáná.
Ẹni tó jẹ gbèsè ni kó san án.
Gáàsì wà nílẹ̀ wa, ẹ jẹ́ ká jó o.
Mo mirí sí i. Òótọ́ wà níbẹ̀, bí eegun ṣe wà nínú ẹja.
Àmọ́ wáyà ńlá tó ti Ẹ̀gbìn wá, tó gba orí wa kọjá,
ó ń kùn lálẹ́ bí ilé oyin,
a kò sì tíì tọ́ oyin náà wò.
Wọ́n ní iyanrìn inú ọ̀sà, iṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró.
Àwọn ọmọ tó ń wọ omi lọ wà á hó yèè.
Gàníyù àbúrò mi wà láàárín wọn.
Bèbè tó ń ya lulẹ̀, wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, obìnrin kan ṣoṣo ni, lórí ọ̀kadà.
Abẹ́rẹ́ ni àmì ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.
Kò gbé ìrẹsì wá, tépù ìwọnlẹ̀ ló gbé wá.
Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àwọn ìṣó mi,
ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó bi mí ní oṣù tí omi kọ̀ọ̀kan dé.
Kò sẹ́ni tó bi mí rí.
Ó ní àwọn á sanwó fún ẹni tó bá gbin ẹ̀gbà padà,
àwọn á fún àwọn ayanja ní ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀,
iyanrìn, ibi tó jìnnà sí bèbè ni kí wọ́n ti máa wà á.
Àǹtí Ráfátù ní, "Owó dà?"
Obìnrin náà wo ilẹ̀. "A ò tíì wọlé rí, mà."
Nígbà tó fẹ́ lọ, ọ̀kadà kọ̀ fún un.
Mo bá a nu púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Mi ò gbowó.

Òjò ti ń ṣú láti àárọ̀ báyìí.
Àwòrán gbogbo wọn wà lára ògiri mi,
Alágogo lẹ tiẹ̀ bo ìṣó kejì mọ́lẹ̀.
Ọmọ mi ní, "Bàbá, ta lẹ máa dìbò fún?"
Mo ní kó kọ́kọ́ wá bá mi gbé jẹnẹrétọ̀ àwọn èèyàn
sórí tábìlì.