Àmín Tí Mo Yá

Aago méjì òru ti kọjá ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin l'Ẹ́pẹ̀ẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, epo rẹ̀ ti gbẹ;
iná fóònù ni mo fi ń wá iṣan lápá Alàájà Sàbítíyù.
Atẹ́gùn ọ̀sà gba ojú fèrèsé wọlé,
ó gbé òórùn ẹja yíyan lọ́wọ́
bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣàdúrà kẹ́ ẹ tó gún mi."

Ọmọ Alágogo ni wọ́n ń pè mí ní kékeré:
bàbá mi ló ń fa agogo ìjọ wa l'Áyétòrò,
okùn rẹ̀ gbẹ́ ojú ọ̀nà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n láti alẹ́ Múnírátù,
ẹnu mi dà bí kànga ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.
Ẹ ju garawa sí i, gbàà ni yóò dún.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá.
A ti ránṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí Ìkẹjà.
Mo ń fọwọ́ ra á níkùn, mo ń pe Jésù;
ìyá rẹ̀ ń pe Ọlọ́hun lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Táyà mọ́tò ẹ̀jẹ̀ bẹ́ ní Ìtòíkín.
Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n gbé àpò náà dé,
ó ṣì tutù, omi ń kán lára rẹ̀.
Mo fọwọ́ sí ìwé pé mo gbà á.
A ti fi báńdéèjì di àgbọ̀n ọmọ náà nígbà yẹn.

Pásítọ̀ ní kí n má bi Ọlọ́run ní ìbéèrè.
N ò bi í. Mo kàn dákẹ́ sí i,
bí ìyàwó ṣe ń dákẹ́ sí ọkọ:
mo ń gbálẹ̀, mo ń se ọbẹ̀, n ò sọ̀rọ̀.

"Àbí ẹ kì í gbàdúrà ni?"
Irọ́ kò ṣòro fún nọ́ọ̀sì,
àwa náà la máa ń sọ pé kò ní dùn yín.
Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí.
"Alàájà, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan."
Ó rẹ́rìn-ín. Ikọ́ wà nínú ẹ̀rín náà.
"Ogójì ọdún lọkọ mi fi dẹ àwọ̀n sí ọ̀sà yìí.
Ọjọ́ mìíràn, kò ní rí epìyà kan mú bọ̀ wálé.
Kò torí ìyẹn sun àwọ̀n níná.
Èmi á ṣe é. Ẹ̀yin ẹ ṣàmín."

Mo ṣe é. Àmín àyálò,
bí bàtà ẹlòmíì tó fún ni lẹ́sẹ̀.
Abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní kí n bá òun di tẹ̀súbáà òun mú, kó má bọ́ bí òun bá sùn.
Ó sì sùn.
Mo jókòó ti omi dírípù,
ẹ̀kán kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan,
títí mo fi ka mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, tí mo tún bẹ̀rẹ̀.
Bí ẹ bá pè é ní àdúrà, n ò ní bá yín jà.
Bí ẹ bá pè é ní ìṣirò,
ìṣirò ni.

Ládàánì ké. Kò pẹ́ tí agogo ìjọ wa dáhùn,
ọwọ́ ẹlòmíì ló ń fà á báyìí.
Ara Alàájà ti rọlẹ̀.
Gàníyù ọmọ rẹ̀ gbé fúláàsì ògì wọlé:
"Àlùhámúdù! Ọlọ́hun ló wò yín sàn, Màámi!"
Ìgbà tó yá ló rántí mi: "Ẹ kú ìtọ́jú, nọ́ọ̀sì."

Wọ́n ní àwa kàn ń wo ni, Ọba òkè ló ń wò sàn.
Ó dáa.
Mo wo Múnírátù, mo wo Alàájà.
Ojú kan náà ni, ọwọ́ kan náà.

Mo fọ ọwọ́ náà dé ìgbọ̀nwọ́,
mo kọ ọ́ sínú ìwé: ibà ti lọ sílẹ̀, ó sùn dáadáa.
Ẹnu géètì ni mo dé kí n tó mọ̀ pé tẹ̀súbáà ṣì wà lápò mi.
Mo sáré padà. Alàájà wò mí láti òkè délẹ̀.
"Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ṣiṣẹ́ lálẹ́ òní?"
Mo ní èmi ni.
"Ẹ mú un bọ̀ nígbà náà."