Bí Agogo Ṣe Dún Lọ́jọ́ Náà

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi lu agogo Bẹ́tẹ́lì ní Ìṣarà.
Okùn rẹ̀ mọ àtẹ́lẹwọ́ mi bí ọmọ ṣe mọ ọmú.
Ẹ̀ẹ̀mẹta fún ìdájí, ẹ̀ẹ̀méjìlá fún ìsìn,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi gígùn láàárín, fún òkú.
Mo lù ú fún Efúnbọ̀ aya mi; n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún mi kú,
kò sì sẹ́ni tó lu agogo fún un.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni. Mo ń rẹ gààrí.
Ṣíbí já bọ́, mo ní kí n mú un,
ọwọ́ ní òun kò gbọ́ èdè mi mọ́.
Ẹsẹ̀ tẹ̀lé ọwọ́. Ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Wọ́n fi ọkọ̀ tó kó ewé gbòdògì gbé mi lọ sí Ṣágámù,
oṣù méjì ni mo fi ka pákó àjà.
Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣèlérí, ìlérí náà ni mo ṣì ń jẹ.
Adémúyìwá ọmọ mi wà ní Líbíà, bóyá ó wà.

Olúwa, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo bá ọ ṣe gbólóhùn asọ̀.
Mo ní, ṣé ọwọ́ òsì ò sí níbẹ̀ ni,
tó fi jẹ́ èyí tí mo fi ń pe àwọn ènìyàn rẹ lo rí mú?
Àlùfáà wá, ó ní Ọlọ́run ní í bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin.
Mo rò ó nínú mi: èmi nírù tẹ́lẹ̀, ta ló gé e?
Mo ní àmín.
Ẹnu tó wọ́ kò jẹ́ kó mọ̀ pé n kò tíì gbà.

Wọ́n gbé okùn fún Jótámù, ọmọ Kúforíjì.
Ó ń lù ú bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́.
Mo ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn, mo ń kà, mo ń bínú.

Ó di Ọjọ́ Ìsinmi Ìkórè. Kùrukùru bo òkè.
Ibà dá Jótámù dúbúlẹ̀; aago mẹ́sàn-án ń lọ, agogo dákẹ́.
Mo mú ọ̀pá.
Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, mo fi ìdajì wákàtí rìn ín;
òkúta ìlú wa kì í ṣàánú ẹlẹ́sẹ̀ kan.
Mo fi òsì fa okùn: kò dún.
Mo tún fà á: agogo mirí bí àgbà tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀.
Mo wá so okùn mọ́ ìbàdí,
mo ní kí n fi ara fà sẹ́yìn,
ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹ̀ lábẹ́ mi.

Mo ṣubú.
Agogo dún.

Ó dún, ẹ̀yin ará, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.
Nígbà tí mo lágbára, ọwọ́ nìkan ni mo ń fún un;
lọ́jọ́ yìí mo kó gbogbo ara fún un, àti èyí tó kú níbẹ̀.
Erùpẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo ń gbọ́ bàtà lórí òkúta:
wọ́n ń gbé iṣu bọ̀, wọ́n ń gbé àgbàdo, àkùkọ ẹnìkan ń ké,
kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìṣubú ni òun ń jẹ́ ìpè rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé ọwọ́ náà jí. Kò jí.
Líbíà kò tíì pè. Òrùlé ṣì ń jò sórí àga Efúnbọ̀.
Jótámù a máa wá lálẹ́, mo ń kọ́ ọ bí a ṣe ń sinmi láàárín;
ìyá rẹ̀ a fi ìkọ́kọrẹ́ rán an, n kò tọrọ.

Olúwa, n kò tíì lóye rẹ.
Mo ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí ọwọ́ yìí.
Ṣùgbọ́n bí mo bá tún máa ṣubú,
jẹ́ kí okùn rẹ wà ní ìbàdí mi.