Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Wọ́n ní ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn Àwẹ̀ró kì í pa dé dáadáa.
Dókítà ọ̀dọ́ kan ló sọ ọ́ fún wa ní Àjàṣẹ́,
ó ya ọkàn sórí ìwé bí ẹni ya ìkòkò,
ó fi bírò tọ́ka: ibí yìí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ́ padà sẹ́yìn.
Ó ní láti kékeré ni, láti ara ọ̀fun dídùn kan
tí ẹnikẹ́ni ò kà sí.
Oyún ti pé oṣù márùn-ún.

Èmi, ilẹ̀kùn ni mo fi ń jẹun.
Ní Kétu níbí, ẹ béèrè Láwàní káfíńtà lẹ́yìn Àkàbà Ìdènà.
Èyí tó ń dún, èyí tó wú nígbà òjò,
mo ti tún gbogbo wọn ṣe.
Mo la ẹnu, mo fẹ́ bi dókítà pé
ṣé kò sí ibi tí a lè fá díẹ̀ kúrò.
Mo pa á dé.
Tèmi, ó kéré tán, ó pa dé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ká rà kò tóbi ju búrẹ́dì lọ;
owó pákó ìrókò ni mo fi rà á.
Agbẹ̀bí Leonì kọ́ mi: kó jókòó, kó fẹ̀yìn ti nǹkan,
kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún,
kó má sọ̀rọ̀.
Kó má sọ̀rọ̀! Àwẹ̀ró?
Ẹni tó ń bá ewúrẹ́ jà, tó sì ń dúró gbọ́ èsì?

Òwúrọ̀, kí n tó mú ayùn; alẹ́, lẹ́yìn ìrun.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwé kò sí nítòsí,
mo fa pẹ́ńsùlù yọ létí, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn Ìyá Ságbè
tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tó fara ti ògiri.
Bó ṣe di àṣà nìyẹn.
Ìfúnpá lápá òsì, lílù ọkàn lápá ọ̀tún:
méjìdínláàádọ́rùn-ún. Méjìléláàádọ́rùn-ún.
Lọ́jọ́ tí ọmọ gbá a nípàá gidi, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.
Iyọ̀ dín lọ́bẹ̀; mo ní ó dùn, ó ní irọ́ ni mò ń pa.
Ọjọ́ kan wà tí mi ò kọ nǹkan kan. A jà ni.

Ọ̀gànjọ́ kan nínú ọyẹ́, oṣù keje, ìrọ̀rí mẹ́ta kò tó o mọ́.
"Láwàní, mi ò rí èémí fà tí mo bá dùbúlẹ̀."
Mo fi ìka tẹ kókósẹ̀ rẹ̀, ojú ìka dúró síbẹ̀
bí ojú òòlù lára pákó tútù.
Ẹ̀rọ ní mẹ́rìnlélọ́gọ́fà.
Mo ní bátìrì ló ti kú. Mo wé e mọ́ apá ara mi láti dán an wò:
mẹ́rìndínlógóje.
Ó fi èémí díẹ̀ tó kù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló lóyún nínú wa?"

Agbẹ̀bí ti kìlọ̀ pé bó bá rí báyìí, ká má dúró de ilẹ̀ mọ́.
Mo lọ gbá ilẹ̀kùn Rúfáì onítákísí.
Ní gbogbo ọ̀nà Pọ́bẹ̀, ìka mi wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀,
mò ń kà, títí iye fi pòórá lórí mi,
mo ṣì ń kà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dá a dúró.
Ó padà wálé, ẹsẹ̀ ti fọn, ẹnu kò fọn.

Lánàá, Ìyá Ságbè wá gba ilẹ̀kùn.
Ó yí i padà, ó wò ó láti òkè délẹ̀:
"Káfíńtà, gbèsè ta lo kọ sára ilẹ̀kùn mi?"
Ìfági ti wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀.
Mo ní gbèsè mi ni, màá kan òmíràn fún un.
Ó wo Àwẹ̀ró lábẹ́ máńgòrò, ẹsẹ̀ lórí àpótí,
ó kàn ní kí òmíràn má pẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí Ọlọ́run bá fẹ́.
Àyè ṣì wà nísàlẹ̀ pákó náà.
Ilẹ̀ ti ṣú. Àwẹ̀ró, fẹ̀yìn tì.
Jọ̀ọ́, má sọ̀rọ̀.