Rìsíìtì Wà Lọ́wọ́ Mi

Owó kaṣú ni mo fi rà á.
Oṣù kẹta, nígbà tí gbogbo ọ̀nà Apákẹ́ ń rùn bí ọtí èso,
mo ṣa kaṣú lóko Màmá Àgbà títí awọ ìka mi fi bó,
mo tà á fún àwọn alájàpá, mo kó ìpín tèmi sí báǹkì,
mo tẹ nọ́ńbà káàdì,
ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun sì gbà á kí n tó mí.
Eré ọkọ̀ ojú òkun ni.
Èmi tí n kò rí òkun rí,
tí omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ kò ju odò Ọbà lọ,
mo fẹ́ tukọ̀.

Kọ̀ǹpútà mi, ẹni kẹrin ni mí tó ni ín.
Wíńdòòsì tó bá a wá ti gbó, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú,
ni Oyèlàdé bá yọ ọ́ kúrò, ó fi Línọ́ọ̀sì rọ́pò,
ó ní ọ̀fẹ́ ni, kò ní béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Òótọ́ ló sọ. Àmì rẹ̀ jẹ́ ẹyẹ kan tí kì í fò,
àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ mi ti ń fò.

Iná dé ní aago kan òru.
Eré náà wọlé, ó jẹ dátà ọ̀sẹ̀ méjì.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Oníbodè kan yọjú láti inú rẹ̀.

Kò béèrè bóyá mo ti sanwó, ó mọ̀ pé mo ti san.
Irú ilé tí mo ń gbé ló ń wò:
ó wo òrùlé, ó wo ìpìlẹ̀, ó ká ẹní wò,
ó ní, "N kò mọ ilé yìí," ó ti ilẹ̀kùn.
Mo yí èyí, mo tún tọ̀hún ṣe,
àkùkọ ilé Alàgbà Oyèékàn kọ, mo ṣì wà lẹ́nu ibodè.

Láyé àtijọ́, o san, o kọjá, o gbẹ́rù rẹ dọ́jà.
Ta ló kọ́ oníbodè òde òní láti gbowó tán
kó tún máa bi ọ́ léèrè irú ẹsẹ̀ tí o fi rìn wá?

Ẹ wá wo Gbàdéró lẹ́yìn ògiri.
Fíláàṣì kan ló gbà ní Sábó, owó rẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì.
Ẹ̀dà tí wọ́n jí ni; wọ́n ti pa oníbodè inú rẹ̀
kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.
Mo ń gbọ́ ìgbì òkun láti yàrá rẹ̀.
"Wá fi tèmi ṣeré," ló ń wí, kò fi mí ṣẹ̀sín rárá,
ìyẹn ló dùn mí jù.
Wọ́n ní nítorí olè ni wọ́n ṣe kan àgádágodo.
Olè ti wà nínú ilé, ó ń jẹun;
onílé ló wà níta tí òjò ń pa.

Mo kọ̀wé pé kí wọ́n dá owó mi padà.
Wọ́n fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n pè mí ní oníbàárà ọ̀wọ́n,
wọ́n ní mo ti fi wákàtí mẹ́ta ṣeré, ó ti kọjá gbèdéke.
Wákàtí mẹ́ta!
Gbogbo àkókò tí mo fi ń kanlẹ̀kùn ni wọ́n kà sí eré.

Ó ṣí lẹ́ẹ̀kan o, n kò ní purọ́.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Oyèlàdé wá ọgbọ́n kan dá sí i,
òkun tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú mi, ó dú bí aró.
Mo tukọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Oníbodè nawọ́, ó pa òkun dé bí ìwé.

Mo ti tẹ rìsíìtì náà sórí pépà ní Tákié,
n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Orúkọ mi wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀,
wọ́n kọ "o ṣeun" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.
Lánàá, Màmá Àgbà bi mí pé ṣé ìwé yìí wúlò.
N kò tètè dáhùn.
Ó ká a, ó rọ kaṣú díndín sínú rẹ̀.
Ó gba ẹ̀kúnwọ́ méjì, kò já.